Inú Ìfun Ni Kí Ẹ̀rí Ti Wá

Títí di òní, ẹni tí àrùn celiac, èyí tí ń mú kí ara máa ba ìfun ara rẹ̀ jẹ́ nítorí àwọn ọkà kan, ń bá jà kò ní ìtọ́jú mìíràn ju kí ó takété sí àlìkámà, báálì àti ráì títí ayé. Ìmọ̀ràn yìí ló wà nílẹ̀ láti ìgbà tí Willem Dicke, oníṣègùn ọmọdé ní Nẹ́dálándì, ti fi hàn pé àlìkámà ni ó wà nídìí àìsàn àwọn ọmọ tí ó ń tọ́jú. Inú wa dùn, nígbà náà, sí àwọn ìtọ́jú tí wọ́n ń dán wò láti kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti àrùn, kí wọ́n yéé ka gluten, èròjà purotéènì inú àwọn ọkà wọ̀nyí, sí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí aláṣẹ kankan buwọ́ lu irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nítorí àmì inú ẹ̀jẹ̀ nìkan.

Ẹ wo TAK-101, ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí. Wọ́n fi gliadin, tí ó jẹ́ apá kan gluten, pamọ́ sínú àwọn hóró tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n sì fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ ara lè bá a pàdé láìfura. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2021, àwọn aláìsàn tí ó yọ̀ǹda ara wọn jẹ gluten fún ọjọ́ 14. Ìgbónára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbógun ti gliadin nínú ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 88 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Ó wúni lórí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ìfun wò, ìyàtọ̀ àárín ọ̀wọ́ méjèèjì kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe kòńgẹ́.

Nexvax2, ìtọ́jú mìíràn tí ó ní irú èrò kan náà, ti mú ìrètí wá rí. Ní 2019, wọ́n dá ìdánwò rẹ̀ dúró lágbedeméjì, nítorí pé kò dáàbò bo àwọn tí ó gbà á ju bí abẹ́rẹ́ òfo ti ṣe lọ.

Àwọn kan lè sọ pé bí ara bá ti tu aláìsàn, ó tó. Kò tó: ọ̀pọ̀ ni kò ní ìrora kankan, tí ìfun wọn sì ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun. A mọ̀ pé fífi ẹ̀rọ wo inú láti ẹnu kò rọrùn, ó sì lè lé àwọn tí ó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn sá. Síbẹ̀, àwọn wọ̀nyí kan náà ni ó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohun tí yóò mú wọn bì mì. Ìyà yẹn kò gbọdọ̀ já sí ìdáhùn ààbọ̀.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé oògùn òun ti kọ́ ara ní ìfaradà gbọ́dọ̀ gbé àwòrán ìfun wá, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò ṣe ti ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, nígbà tí aláìsàn ti padà sí oúnjẹ tí ó ní gluten.