Àtúnṣe: Kòkòrò inú yógọ́ọ̀tì kì í wo òtútù àyà

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp: pé kí wọ́n dá áńtíbáyótíìkì dúró fún aláìsàn òtútù àyà tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, kí wọ́n fún un ní “kòkòrò rere” bíi ti inú yógọ́ọ̀tì. Irọ́ ni.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí rẹ̀ o. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ dá pàápàá ní kòkòrò àìfojúrí nínú. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Michigan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn aláìsàn tí kòkòrò inú ìfun wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn kì í tètè bọ́ lórí ẹ̀rọ, bí wọ́n bá tilẹ̀ bọ́ láàyè.

Ṣé mímu “kòkòrò rere” lè wá tún un ṣe? Wọ́n ti dán an wò lára aláìsàn 2,650 ní Kánádà, Amẹ́ríkà àti Saudi Arabia. Èsì jáde ní 2021. Nínú àwọn tó gba Lactobacillus rhamnosus GG, ọ̀kan nínú àwọn “kòkòrò rere” náà, ìdá 21.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni òtútù àyà mú lórí ẹ̀rọ. Àwọn tí kò gbà á ńkọ́? 21.3. Èyí tó ká mi lára jù: àwọn 15 tó gbà á ni wọ́n bá kòkòrò “rere” yìí lára wọn níbi tí kò yẹ kó ti jọba. Ẹnì kan péré ni ní apá kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ probiotic (ohun tó ní “kòkòrò rere” nínú) wọ wọ́ọ̀dù. Dókítà ló ń sọ ìgbà tí áńtíbáyótíìkì tó dúró.