Ẹ̀yin Aṣòfin Tó Fẹ́gbẹ́ Sílẹ̀, Ẹ Dá Àga Wa Padà

Nígbà tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kúrò nínú PDP bọ́ sínú Accord ní oṣù Kejìlá 2025, tí àwọn aṣòfin Ọ̀ṣun sì wọ́ tẹ̀ lé e, a kò bá gómìnà jà. Òfin kò so àga tirẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Ti aṣòfin yàtọ̀, a sì ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: abala 109 ìwé òfin 1999 ní aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó pé ti pàdánù àga rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá fọ́ tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká rántí Sátidé, 18 oṣù Kẹta 2023. Ẹ mú obìnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Odò-Ògbè nílé-Ifẹ̀, tí kò pàtẹ lọ́jọ́ náà nítorí ìbò. Ó tò sórí ìlà nínú oòrùn títí wọ́n fi fún un ní ìwé ìdìbò. Kò sí orúkọ ẹnì kankan lórí ìwé náà, kò sí àwòrán ojú ẹnikẹ́ni. Àmì ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ki ìka bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abùradà tó jẹ́ àmì PDP, ó ká ìwé, ó jù ú sínú àpótí. Abùradà yẹn ló kó àga 25 nínú 26 lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gun orí rẹ̀ dé Òṣogbo wá ní òun kò bá a ṣe mọ́, kò sì bi obìnrin náà léèrè.

Wọ́n ní PDP ti pín sí méjì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ló rí ìjà wọn. Ṣùgbọ́n Ifẹ́dayọ̀ Abégúndé, tí ará Àkúrẹ́ fi ìbò ẹgbẹ́ Labour rán lọ sí ilé aṣòfin ní Àbújá, tó sì bọ́ sí ẹgbẹ́ ACN, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a lóhùn ní 2015 pé ìjà tó mọ sí ìpínlẹ̀ kan kò tó, àfi èyí tó bá fọ́ ẹgbẹ́ láti òkè. Àga bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní PDP ti fọ́ láti òkè, ẹ̀rí rẹ̀ dà? Òfin ní kó wà níwájú Ilé. Lẹ́tà pé a ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Abẹnugan ni òfin ní kó mú un ṣẹ. Bí abẹnugan bá wà lára àwọn tó kọjá ńkọ́? Ẹni tí a fẹ́ tì mọ́lé la fún ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Àwọn kan á ní kí ará ìlú pe aṣòfin wọn padà wálé. Abala 110 béèrè ìbuwọ́lùwé àwọn tó lé ní ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà, kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, tó wá ṣètò ìdìbò lé e lórí. Ta ni yóò kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri láti Mọ̀ọ́rẹ̀ dé Ìlódè?

Ó ti sú wa. Ẹ̀yin ọnọ́rébù, ta lẹ rò pé ó rán yín? Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Gómìnà kọ́ ló tò sórí ìlà nítorí yín ní Odò-Ògbè!

Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn, Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn, Ifẹ̀ Àríwá, Ifẹ̀ Gúúsù: ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá láti ẹkùn mẹ́rin yìí, kó gbé ẹ̀rí rẹ̀ síta fún gbogbo ìlú rí, tàbí kó kọ̀wé fi àga sílẹ̀. Kó wá gbé àmì ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀ wá sí Lágere, kó tún ìbò bẹ̀. Bó bá wọlé, a ó kí i kú oríire. Bí kò bá ṣe é, kí PDP tí wọ́n gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ yéé káwọ́ gbera, kó gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́ kí sáà yìí tó tán.