Ẹ yéé bi mí pé họ́ọ̀sìpáwà mélòó ni

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú látàná, ẹ jẹ́ kí n tú u dà síbí kí n tó lọ sùn.

Àbúrò kan tí mo fẹ́ràn gan-an ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní "ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra mọ́tò àlòkù tí màá máa gbé lọ sí track day, owó ọwọ́ mi ò pọ̀, èwo ni kí n rà?" Inú mi dùn, ẹ̀yin náà mọ̀ mí, tẹ́ ẹ bá jí mi lóru pé ká sọ̀rọ̀ mọ́tò màá dìde jókòó. Mo bá a sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan gbáko. Mo sọ ti ìwọ̀n, mo sọ ti bíréèkì, mo sọ ti táyà, mo ní kó má ná gbogbo owó ẹ̀ tán sórí mọ́tò. Ó ń ṣe "bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà". Ọjọ́ kẹta ló fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé ó rà? Mọ́tò ńlá, ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́jọ, awọ lórí ìjókòó, ìjókòó tó ń gbóná fúnra ẹ̀, dígí lórí òrùlé, nǹkan tó wúwo bí àpáta. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé "ẹ̀gbọ́n, 400 họ́ọ̀sìpáwà!" ó sì fi àwòrán iná bíi mẹ́fà tì í. Iná wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń rò.

Ẹ wò ó, inú tó ń bí mi sí i ò tó èyí tó ń bí mi sáwọn tó tì í débẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló bi. Ó ti lọ bi àwọn onífídíò, àwọn tó ń fẹnu wa mọ́tò, àwọn tí ò gbé mọ́tò ara wọn dé tíráàkì, pápá tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré, rí àmọ́ tí wọ́n lè ka họ́ọ̀sìpáwà 50 mọ́tò fún ẹ láìwo ìwé. "Má ra èyí tí ò lágbára o, kíá ló máa sú ẹ." Yóò sú ta ni? Ẹni tí ò tíì mọ ibi tó yẹ kó ti tẹ bíréèkì fún kọ́nà kan ṣoṣo, mọ́tò wo ló fẹ́ sú u? Àwọn kan á tún ní mọ́tò alágbára ló láàbò jù torí bíréèkì ẹ̀ tóbi. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná, ara mi ò yá fún un lónìí.

(Track day kì í ṣe ìdíje o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó ń gba ife. Wọ́n kàn ṣí tíráàkì sílẹ̀ ni, kóo gbé mọ́tò ẹ wá, kóo sáré dé ibi tí ọgbọ́n ẹ mọ, kóo tún wa mọ́tò kan náà padà sílé. Apá tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé.)

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí wọ egungun. Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ rà fún tíráàkì, mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é torí ẹ̀bi wọn kọ́, ẹ́ńjìnì ẹ̀ sílíńdà mẹ́fà, ohùn ẹ̀ báyìí, tóo bá tẹ̀ ẹ́ dé òkè, irun apá ẹ á dìde. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, mi ò tiẹ̀ ro ìyẹn mọ́ ọn. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sóhun tó ṣe é, kí n ṣáà wọlé kí n máa lọ. Ìwé àtúnṣe tó kó fún mi ò ju ẹyọ kan lọ, ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Mo rí i pé ẹyọ kan ni. Mo rí i, mo sì gbójú kúrò, torí mo ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì yẹn, ó ti parí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé e dé tíráàkì, ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò pé èmi ni ọba. Níbi tó bá ti gùn gbọọrọ, kò sẹ́ni tó lè bá mi. Mo wá ń rí mọ́tò kékeré kan nínú dígí, irú àwọn tí iná wọn máa ń yọ sókè lórí bónẹ́ẹ̀tì bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ó ti gbó, ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣá, màá fi í sílẹ̀ níbi tó gùn, tá a bá ti dé kọ́nà ó ti tún lẹ̀ mọ́ mi nídìí. Inú ń bí mi. Mo bá pinnu pé ní ìyípo kẹrin màá já a dànù pátápátá, mi ò ní tẹ bíréèkì títí màá fi dé etí kọ́nà. Mo ti kọ́kọ́ ń gbóòórùn kan o, bí ìgbà tí nǹkan ń jó lábẹ́ mọ́tò, mo ní ti ẹlòmíì ni. Mo dé òpin ibi tó gùn yẹn, mo tẹ bíréèkì, bíréèkì lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò mú rárá, ó kàn rọ̀ ni, bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù, ó lọ kan ilẹ̀, mọ́tò ṣì ń lọ. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, mò ń fẹsẹ̀ pọ́ńpù ẹ̀, mò ń já jíà wálẹ̀, ẹnu mi ń pe ìyá mi. Kọ́nà yà sápá ọ̀tún, èmi lọ tààrà. Inú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà síbẹ̀ nítorí àwọn bíi tèmi ni mo lọ rì sí, òkúta bo táyà dé ìdajì, eruku bò mí, ẹ́ńjìnì kú, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ohun tí mò ń gbọ́ ò ju dísìkì bíréèkì iwájú tó ń dún tín, tín, bí irin ṣe máa ń dún tó bá ń tutù.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní ṣé nǹkan kan ṣe mí, mo ní rárá sà. Nígbà tí wọ́n fi okùn fà mí jáde tán, wọ́n ní kí n ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yọ ìdérí ike ọ́ìlì bíréèkì, wọ́n wo inú ẹ̀, wọ́n wá wò mí. "Ìgbà wo lo pààrọ̀ èyí gbẹ̀yìn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ́ìlì tó yẹ kó mọ́ kedere, ó ti dúdú bí omi àgbàrá. Lọ́sàn-án, ẹni tó ni mọ́tò kékeré yẹn wá kí mi, ó ní òun kàn ń dúró kí n jẹ́ kóun kọjá ni. Kí n jẹ́ kóun kọjá! Gbogbo àsìkò tí mo rò pé mò ń sá fún un, sùúrù ló ń fi bá mi lò.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà náà ni pé ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń mu omi sí i. DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àmọ́ tó bá ti mu omi, 155 péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá hó, á di oru, oru sì ṣeé fún pọ̀, òun lẹsẹ̀ ẹ á máa tẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ páàdì tó ń fún dísìkì mú. Lójú títì, èèyàn lè fi irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ rìn fọ́dún mélòó kan kó má mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń fìyà jẹ bíréèkì tó bẹ́ẹ̀ lójú títì. Ìwọ̀n mọ́tò wá ni baba gbogbo ẹ̀. Gbogbo eré tí mọ́tò bá sá, bíréèkì ló máa sọ ọ́ di ooru kó tó lè dúró, tí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ẹrù bíréèkì á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá bi mí ní họ́ọ̀sìpáwà, èmi á bi yín ní kílò.

Mọ́tò olójú ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, Mazda MX-5 ni, irú èyí àkọ́kọ́ tó jáde ní 1989. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan péré ló wúwo. Ẹ́ńjìnì lítà 1.6 ni, wọ́n wá ṣe 1.8 lẹ́yìn náà, agbára ẹ̀ ò lè dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹ́ńjìnì wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, táyà kékeré ló ń wọ̀, kì í jẹ páàdì bí àwọn ńlá, àwọn tó sì ti fi lọ tíráàkì ṣáájú ẹ pọ̀ débi pé kò sóhun tó lè bà jẹ́ lára ẹ̀ tẹ́nì kan ò tíì tún ṣe rí. 2016 ni iye tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù kan, ẹ ò ní wá pátì ẹ̀ tì. Àrùn ẹ̀ ni ìpẹtà. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn lápá ẹ̀yìn níbi tó ti ń lọ bá táyà, ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, tó bá ti rọ̀, ẹ kí ẹni tó ni ín kẹ́ ẹ máa lọ. Àwọn tíráàkì míì kì í sì í gba mọ́tò olórí-ṣíṣí bíi tiẹ̀ láyè tí ò bá ní irin tó máa gba orí yín sílẹ̀ tí mọ́tò bá dojú dé, kẹ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó rà. Ẹni tí ò bá fẹ́ wàhálà yẹn, Honda Civic wà, Renault Clio wà, táyà iwájú ló ń fà wọ́n, wọ́n fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe wọ́n máa ń dárí jini. Ẹni tówó ẹ̀ bá lè nà díẹ̀ sí i, Toyota GT86 tàbí ìbejì ẹ̀ Subaru BRZ, 2012 ni wọ́n jáde, lítà méjì, nǹkan bíi 200 họ́ọ̀sìpáwà, kò sí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì, kankan lára ẹ̀ tó máa dá ooru kún ooru.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ sọ BMW 3 Series tí wọ́n ń pè ní E46. Mọ́tò tó dáa ni, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀ lápá ẹ̀yìn níbi tí irin ẹsẹ̀ ti so mọ́ ọn, ibẹ̀ máa ń sán. Àwọn Porsche Boxster àkọ́kọ́ náà ti wá dínwó, bíárìn kan wà nínú ẹ́ńjìnì wọn, IMS ni wọ́n ń pè é, tó bá kú ó lè kó gbogbo ẹ́ńjìnì lọ. Mọ́tò tó wọ́n nígbà tó wà ní tuntun, owó àtúnṣe ẹ̀ ò ní torí pé ìwọ rà á ní pọ́ọ́kú kó wá di pọ́ọ́kú.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ wo mọ́tò, ẹ sọ fẹ́ni tó ni ín pé kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé, ẹ́ńjìnì tó ti gbóná máa ń parọ́. Ẹ wo èéfín àkọ́kọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà, 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú 2018, táyà lè ní ara kó sì ti le bí igi. Ẹ béèrè ìwé àtúnṣe, èmi á yan mọ́tò tó ti rìn jìnnà tí ìwé ẹ̀ kún àpò ju èyí tó rìn díẹ̀ tí ẹnu lásán ni ìwé ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ owó kù fún ọ́ìlì bíréèkì tuntun, páàdì tó lè gba ooru, táyà, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ti ra mọ́tò. Ìńṣọ́ránsì ojú títì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í dé tíráàkì, ẹ ka ìwé yín. Ìbéèrè tó kù ò ju ẹyọ kan lọ: tí mo bá gbá a mọ́ ògiri lónìí, ṣé mo lè fi sílẹ̀ níbẹ̀ láìsunkún owó? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, mọ́tò yẹn ti wọ́n jù fún ẹ, iye yòówù kí wọ́n tà á.

Gbogbo èyí ni mo tún kó lé àbúrò yìí lórí láàná, pẹ̀lú ìbínú. Ó dákẹ́ títí mo fi parí, ó wá ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tó bá jẹ́ pé mọ́tò kékeré yẹn lẹ kọ́kọ́ rà, ṣé ẹ ò bá ti lọ sí tíráàkì rárá?"

Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Torí òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohùn sílíńdà mẹ́fà yẹn ló gbé mi dé ibẹ̀. Ká ní wọ́n fi mọ́tò kékeré tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ hàn mí lọ́jọ́ náà, bóyá màá ti wà nílé ni. Àti pé ohun tí mo mọ̀ nípa ọ́ìlì bíréèkì lónìí, inú òkúta yẹn ni mo ti kọ́ ọ, wákàtí kan lórí fóònù ò bá má kọ́ mi. Mi ò wá ní tìtorí ìyẹn sọ pé kéèyàn lọ rì sínú òkúta. Àbí kí ni mò ń sọ gan-an, mi ò mọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé ló ń gbé e lọ. Mo ti ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, a máa fa gbogbo ọ́ìlì bíréèkì yẹn jáde, òun ló máa di ìgò mú, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé màá jókòó ti òun ní ìyípo àkọ́kọ́, mo ṣe bí ẹni tó ń rò ó, mo ní ó dáa, torí kí n lè máa ṣọ́ ẹ ni. Mi ò sọ fún un pé mo ti gbọ́ fídíò ẹ́ńjìnì yẹn tó fi ránṣẹ́ nígbà mẹ́rin látàárọ̀.