Ṣé dandan ni kí ọlọ́pàá ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì?

Ọmọ Ìdènà, Kétu: Ẹ̀yin ará, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, òfin béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọlọ́pàá ti gba oyè ọdún méjì, ó kéré tán, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣé ó yẹ kí a béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tiwa ní Bẹ̀nẹ̀?

Aláta Wàǹdó: N kò ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀, àmọ́ bí ọlọ́pàá bá fi lè ní ìwé yunifásítì pẹ́nrẹ́n, owó tó ń gbà lójú títì yóò fò sókè, nítorí kò ní gba owó púrúǹtù mọ́.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1967, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Lyndon Johnson gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé, bó pẹ́ bó yá, kí gbogbo ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tó ń mú òfin ṣẹ ní oyè yunifásítì. Ìwé tí ọlọ́pàá bá kọ ni adájọ́ ń kà, ẹni tí kò sì mọ bí a ti ń to ẹjọ́ sínú ìwé lè fi gègé lásán sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Olùkọ́, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe Minnesota yìí kan náà ni ọlọ́pàá kan, Derek Chauvin, ti fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn pa ní 2020? Kí ni ìwé ṣe níbẹ̀?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Àbúrò, bí dókítà kan bá pa aláìsàn, ṣé a ó ní kí dókítà má kàwé mọ́ ni?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kàwé. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ Faransé, ọlọ́pàá tó dá a dúró kò sì gbọ́ Yorùbá. Yunifásítì wo ni yóò ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Ọ̀ràn èdè nìyẹn, kì í ṣe ọ̀ràn ìwé ẹ̀rí.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Òun gan-an ni ọ̀ràn náà, ẹ̀yin ni ẹ kò fẹ́ gbọ́.

Onízẹmíjàn: Yorùbá wo ni kí wọ́n kọ́? Bí ó bá jẹ́ ti Ṣábẹ̀ẹ́ ni, àwa ará Kétu náà yóò nílò ògbufọ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ìwọ tí o kò tíì kọjá Pobè rí ni yóò sọ fún mi bí èdè wa ti rí?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn ará England àti Wales náà pinnu pé kí ọlọ́pàá tuntun ní oyè tàbí kó máa kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Kí ló dé tí ẹ kò fi kún un pé, ní 2024, wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ gba oyè? Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ibi tí ẹ ti ń pa ìwé dé.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Ṣé èmi ni o ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Aláta Wàǹdó: Ẹ kò dá mi lóhùn o! Mo ní owó ojú títì YÓÒ FÒ SÓKÈ!

Ọmọ Ìdènà, Kétu: Ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè mi ń kọ́?

Aláta Wàǹdó: Ìbéèrè wo? Mo ti dáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.