Ìtàn Yale tí wọ́n fi ń ta díárì fún wa kò ṣẹlẹ̀ rí

Ẹ ó ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní lọ́dún 1953, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà, pé ta ló ti kọ àfojúsùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn. Ìdá 3 péré nínú 100 ló ní àwọn ti kọ ọ́. Nígbà tó di 20 ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún wá wọn kàn, àṣé owó tó wà lọ́wọ́ ìdá 3 yẹn ju ti ìdá 97 tó kù lápapọ̀ lọ. Ibi tí ìtàn náà ń lọ kò fara sin: ṣáà ti kọ ọ́ sínú ìwé, yóò ṣẹ.

Èmi náà gbà á gbọ́. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, mo sọ ọ́ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn èèpo díárì mi. Irọ́ ni.

Lọ́dún 1996, ìwé ìròyìn Fast Company wá ìdí ìtàn yìí. Àwọn gbajúmọ̀ tó ń sọ ọ́ kiri kò rí ìwé ìwádìí kankan mú jáde. Ńṣe ni wọ́n ń tọ́ka sí ẹlòmíì. Yale fúnra rẹ̀ tú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó jáde lọ́dún 1953, tó ti wà lórí ipò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní òun ò mọ̀ nípa irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bi náà ò sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ìtàn ọ̀hún ò kú. Lẹ́nu àwọn kan, ó ti di Yunifásítì Harvard, ọdún rẹ̀ sì ti di 1979.

Ẹnì kan lè ní irọ́ yìí ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ń pa èèyàn lára. Ẹni tó bá gbà pé kíkọ ni iṣẹ́ náà, á kọ, á fi bírò aláwọ̀ mèremère fa ìlà sí i, ara rẹ̀ á yá gágá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú ewé á ti ṣófo, ọkàn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́bi. Á ní ọ̀lẹ lòun. Á ní òun kọ́ ni wọ́n ṣe díárì fún. Mo mọ àwọn èèyàn tí orí wọn pé, tí ọwọ́ wọn yá, tí wọ́n ti ti ìwé wọn bọ ìsàlẹ̀ àpótí nítorí èyí, ó sì ń dùn mí, torí pé ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà ló ní àbùkù, kì í ṣe àwọn.

Ohun tó la ojú tèmi rèé. Ọdún kan wà tí mo ń kọ "parí ìjábọ̀" sínú díárì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò parí, mo fa ọfà lọ sí ọ̀sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kejì, ọfà tún gbéra lọ sí ìkẹta. Lọ́jọ́ tí mo jókòó ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ọfà yẹn ti fi ń rìn. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni, lójú ewé mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ti fi ìbínú tẹ bírò mọ́ ọn débi pé ìlà rẹ̀ yọ sí ẹ̀yìn ìwé. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ò sọ aago tí mo máa bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ibi tí mo máa jókòó sí. Kò sọ ohun tí ọwọ́ mi máa kọ́kọ́ ṣe. Mo fagi lé e, mo wá kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Tí mo bá ti jókòó, màá ṣí fáìlì, màá kọ ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ owó tá a ná." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo kọ ojú ewé méjì kí n tó dìde.

Èmi kọ́ ni mo ṣàwárí rẹ̀. Peter Gollwitzer, ọmọ Jámánì tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Nínú ìwádìí kan tí òun àti Veronika Brandstätter gbé jáde lọ́dún 1997, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìròyìn bí wọ́n ṣe lo àṣálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésìmesì, kí wọ́n sì kọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí ìdajì nínú wọn sọ àkókò àti ibi tí wọ́n ti máa kọ ọ́. Nínú àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ṣe é láàárín ọjọ́ méjì náà. Nínú àwọn tí wọn ò ní kí wọ́n sọ ọ́, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni. Gbogbo wọn ló ní àfojúsùn kan náà o! Aago àti ibi ìjókòó ló dá wọn sí méjì.

Àṣìṣe kejì wà tí díárì fúnra rẹ̀ máa ń tì wá sí: ìlà tó pọ̀ lójú ewé. Ìlà 20 ló wà lábẹ́ ọjọ́ Ajé, ló bá ń ṣe wá bíi pé ó yẹ ká kọ nǹkan sí gbogbo rẹ̀. A kì í mọ iye àkókò tí iṣẹ́ máa gbà. Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi parí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá wọn. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Wọ́n tún bi wọ́n pé tí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú ńkọ́, wọ́n ní nǹkan bí 49. Ọjọ́ 55 àti ààbọ̀ ló gbà wọ́n. Ẹ ò rí i pé iye tí wọ́n rò pé ó burú jù pàápàá ò tó!

Ibí yìí gan-an ni mo ti rí àǹfààní ìwé ju ibikíbi lọ. Mo máa ń kọ iye wákàtí tí mo rò sí apá òsì iṣẹ́, tí mo bá ṣe é tán, màá fi bírò pupa kọ iye tó gbà sí apá ọ̀tún. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí n tó kọ ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ tuntun, ojú ewé ọ̀sẹ̀ tó ń parí lọ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ìlà pupa yẹn kì í jẹ́ kí n tan ara mi.

Ṣé kíkọ nìkan ò wá wúlò ni? Ó wúlò níwọ̀n tirẹ̀. Gail Matthews, ní Dominican University of California, fi èèyàn dán an wò lóòótọ́. Àwọn tó kọ àfojúsùn wọn ṣe dáadáa ju àwọn tó kàn rò ó lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe dáadáa jù ni àwọn tó tún kọ ohun tí wọ́n máa ṣe, tí wọ́n sì ń ròyìn ibi tí wọ́n dé fún ọ̀rẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àǹfààní mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi polówó díárì: oorun. Lọ́dún 2018, Michael Scullin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baylor University ní kí èèyàn 57 fi ìṣẹ́jú 5 kọ̀wé kí wọ́n tó sùn. Àwọn tó kọ iṣẹ́ tó wà níwájú wọn tètè sùn ju àwọn tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lọ, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 9.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, díárì mi wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nǹkan mẹ́ta ló wà lábẹ́ òní, ìlà tó kù ṣófo, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà lókè pátápátá ni kíkọ ọ̀rọ̀ yìí: wákàtí 2 ló wà lápá òsì rẹ̀. Mo ti mú bírò pupa. Wákàtí 3 àti ààbọ̀.