Àsọtẹ́lẹ̀ mi fún líìgì Ireland 2026: ẹ má fi ojú Premier League wò ó

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di oṣù kọkànlá. Shamrock Rovers ni yóò gba ife líìgì Ireland lọ́dún 2026, Derry City ni yóò tẹ̀lé wọn, Waterford ló máa já. Mi ò lá àlá o, mo ṣírò ni.

Ẹgbẹ́ mẹ́wàá péré ló wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pàdé àwọn yòókù lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lóde, ló fi jẹ́ 36. Oṣù kejì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń parí, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló sì pọ̀ jù. (Ẹ̀yin tẹ ń ta tẹ́tẹ́ lóṣù kẹfà, nígbà tí England àti Spain bá ti lọ sinmi, ẹ mọ̀ ọ́n.) Ẹgbẹ́ méjì tó bá ti pàdé lẹ́ẹ̀mẹta, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi pa mọ́ fún ara wọn? Ọ̀mì á pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́: wọ́n á kọ póìǹtì 80 fún ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń dún. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i?

Ẹ wo 2024. Shelbourne tí Damien Duff jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn fi póìǹtì 63 gba ife: wọ́n borí 17, wọ́n ta ọ̀mì 12, wọ́n pàdánù 7. Rovers tó ṣe ipò kejì náà borí 17, àmọ́ ọ̀mì 10 ni tiwọn, ó bá di 61. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, Rovers na Waterford 2-1 nílé wọn ní Tallaght. Shelbourne wà ní Derry, òdo sí òdo ni títí ó fi ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ká ní ó parí síbẹ̀, 61 ni àwọn méjèèjì ì bá ní, Rovers ì bá sì fi ìyàtọ̀ góòlù (iye tí wọ́n gbá sáwọ̀n, yọ iye tí wọ́n gbá wọlé wọn) lé wọn, 15 sí 12, kí wọ́n gba ife náà lẹ́ẹ̀karùn-ún léraléra. Harry Wood ti Shelbourne ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ni ife bá gba Tolka Park, ilé Shelbourne, lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2006. Ẹni tó ní Rovers ló máa gbà á lọ́dún yẹn, góòlù kan ṣoṣo ló fi ṣìnà.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ẹni tó ti rẹ̀. Rovers àti Shelbourne jọ wọ ìpele líìgì Conference League, ìdíje kẹta ti UEFA fún àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù, lọ́dún 2025. Nígbà tí àwọn tó kù ti lọ sinmi lóṣù kọkànlá, àwọn méjèèjì ṣì ń sáré títí di oṣù kejìlá. Lóṣù keje, Yúróòpù á tún bẹ̀rẹ̀: bí o bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́bọ̀, ti ọjọ́ Ẹtì á sún di ọjọ́ Àìkú, èyí tí wọ́n sún síwájú á sì gúnlẹ̀ sí oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Èèyàn Rovers pọ̀ tó láti ru ẹrù yẹn, wọ́n gba líìgì àti ife FAI (ife àjọ bọ́ọ̀lù Ireland, tó máa ń gbé ẹni tó bá gbà á lọ sí Yúróòpù) pọ̀ lọ́dún 2025 pẹ̀lú rẹ̀. Ti Shelbourne ló ń kọ mí lóminú. Derry tó ṣe ipò kejì lọ́dún 2025 ní tiwọn sinmi dáadáa, ilé wọn, Brandywell, sì jẹ́ koríko àtọwọ́dá tí kì í rọ àlejò lọ́rùn.

Ìkejì, ta ló ń lọ? Láti 2021, Brexit kò jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ England lè mú ọmọ Ireland tí kò tíì pé ọdún 18. Àwọn ọmọ náà wá ń dàgbà sínú líìgì, kí wọ́n tó tà wọ́n. Mason Melia ti fi St Patrick's Athletic sílẹ̀ lọ sí Tottenham ní oṣù kìíní 2026. Atamátàsé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu lásán rọ́pò. Ipò kẹta ni mo ṣì fi wọ́n sí, nítorí Stephen Kenny, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, mọ líìgì yìí bí ẹni mọ yàrá rẹ̀.

Nísàlẹ̀, ẹni kẹwàá já tààrà. Ẹni kẹsàn-án á tún lọ bá ẹgbẹ́ kan láti ìpele kejì wọ̀yá ìjà. Ọ̀nà yẹn ni Waterford fi yọ lọ́dún 2025. Dundalk tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá kò ní já. Ẹgbẹ́ tó ti ń borí tẹ́lẹ̀ ni, koríko àtọwọ́dá ló sì wà ní Oriel Park náà. Sligo ni mo fi sí ipò kẹsàn-án.

Ti Yúróòpù, ẹ fi suuru kọ ọ́. Drogheda ṣe ipò kẹsàn-án lọ́dún 2024, wọ́n gba ife FAI, síbẹ̀ UEFA ò jẹ́ kí wọ́n lọ, torí pé olówó kan náà ló ni wọ́n àti Silkeborg ti Denmark.

Ẹ má sì ya ìwé yín lóṣù kẹta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, Bohemians na Rovers 1-0 ní pápá ìṣeré Aviva ní Dublin níwájú èèyàn tó lé ní 33,000. Ẹ ṣáà rí ẹni tó gbé ife lóṣù kọkànlá.