Ojú tó ń wá tuntun ló bí àdìrẹ

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń kọ ọ́ pé ìfẹ́ ohun tuntun ló ń pa àdìrẹ. Èmi ò gbà. Àdìrẹ gan-an, ọmọ ohun tuntun ni. Kíjìpá, aṣọ òwú tí wọ́n ń fọwọ́ hun nílé, nípọn, ojú rẹ̀ ò gba ọnà tó wẹ́. Ìgbà tí aṣọ funfun tó tẹ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun wọlé ni àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta àti n'Íbàdàn ráyè fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ohun tó wù wọ́n. Wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, òpó rẹ̀ di ọnà nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n ya òun àti olorì rẹ̀ sáṣọ, wọ́n pè é ní Olóba. Àdìrẹ tí a ń pè ní Kàm̀pálà náà ńkọ́? Orúkọ ìlú kan ní Ùgáńdà ni, níbi tí wọ́n ti jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà lórí ogun abẹ́lé wa ní 1968.

Kì í ṣe ohun tuntun ni mo ń bá jà, ìkánjú ni. Ewé ẹlú tí a fi ń ṣe aró, wọ́n á gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, ó máa ń rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á yọ, títí yóò fi dúdú.

Aró òyìnbó ò burú. Háídírọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun kẹ́míkà tí a ń dà mọ́ ọn, ló ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi kí aró lè yọ́ wọnú òwú. Tó bá kéré, tàbí tí ẹ bá ń ro omi náà bí ẹni ń ro àmàlà, orí òwú ni aró yóò jókòó sí, fífọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò sì gbé e lọ. Kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó ń jó ara, la ń dà sínú omi, a kì í da omi lé e lórí, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé aṣọ ò tíì yí àwọ̀ tán tí wọ́n ti ń ṣàn án. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ná, ẹ ṣí gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kàn án dé inú. Iyọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ fi rẹ ẹ́ nílé kò lè di irú aró yìí mú. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń dì í.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó torí aṣọ tó ń ṣí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Tó bá ṣì funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ti ọwọ́, aró ti mu ún tojú tẹ̀yìn. Ti ẹlẹ́kọ tiẹ̀ máa ń dúdú lẹ́yìn ju ojú lọ, torí ojú kan la fi ẹ̀kọ sí. Ẹni tó bá tà á ní aṣọ títẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó gba owó àdìrẹ lórí rẹ̀, owó àwọn aláró Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ló ń jẹ.